Tí o kò bá sí nílé ẹjọ́, ta ló lè gbẹnu sọ fún ọ? Ohun tó yẹ kí o mọ̀ lórí ẹjọ́ Sylvia àti Noureddin Bongo ní Libreville

Ẹ̀wọ̀n ọdún 20 ni ilé ẹjọ́ kan nílùú Libreville, olú ìlú Gabon, jù sí Sylvia Bongo Valentin, ìyàwó ààrẹ àná Ali Bongo, àti ọmọkùnrin wọn, Noureddin, lọ́jọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2025.

Nígbà tí adájọ́ ń ka ìdájọ́ náà, ìyá àti ọmọ kò sí nínú ilé ẹjọ́. Ìlú London ni wọ́n wà.

Láàrin ọjọ́ méjì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ọ̀hún ni adájọ́ ti ní àwọn méjèèjì jẹ̀bi ẹ̀sùn pé wọ́n kó owó ìlú jẹ. Yàtọ̀ sí ẹ̀wọ̀n, ilé ẹjọ́ tún ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn san owó ìtanràn mílíọ̀nù 100 owó CFA.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àmọ́ kí ni kí adájọ́ ṣe tí ẹnìkejì bá kọ̀ tí kò yọjú? Ṣé lọ́yà lè wá bá a sọ tẹnu rẹ̀? Ṣé ẹbí rẹ̀ lè wá? Àti pé ṣé adájọ́ lè sọ fún lọ́yà pé kó panu mọ́ nítorí pé ẹni tó rán an níṣẹ́ kò sí ní ìjókòó?

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kò pin sí ọ̀rọ̀ ìdílé ààrẹ nìkan. Ẹnikẹ́ni tí ọlọ́pàá bá gbé lọ sílé ẹjọ́, yálà ní Libreville, Cotonou tàbí Abuja, ni ìdáhùn rẹ̀ kàn.

Kí ló gbé Sylvia àti Noureddin dé ilé ẹjọ́?

Ìdílé Bongo ló ṣàkóso Gabon fún ọdún tó lé ní 55. Omar Bongo dé orí àlééfà lọ́dún 1967, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi kú lọ́dún 2009. Ọmọ rẹ̀, Ali, ló gbapò lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, kété tí àjọ elétò ìdìbò kéde pé Ali Bongo ló wọlé fún sáà kẹta, àwọn ológun tí Ọ̀gágun Brice Clotaire Oligui Nguema ṣíwájú wọn gbàjọba. Wọ́n há ààrẹ mọ́lé, wọ́n sì mú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀sùn tí ìjọba fi kan àwọn méjèèjì ni pé wọ́n lo àìsàn Ali Bongo, ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù lóṣù Kẹwàá ọdún 2018, láti máa darí ìjọba láti ẹ̀yìn, tí wọ́n sì ń kó owó ìlú sápò ara wọn. Noureddin di ipò olùdarí ètò gbogbo ní ọ́fíìsì ààrẹ mú láàrin ọdún 2019 sí 2021.

Ìyá àti ọmọ ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ òṣèlú ló wà nídìí ẹjọ́ náà. Wọ́n tún ní wọ́n fìyà jẹ àwọn nínú àtìmọ́lé, ẹ̀sùn tí àwọn aláṣẹ Gabon ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Lóṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni wọ́n fi Gabon sílẹ̀ pẹ̀lú Ali Bongo. Angola ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ kí wọ́n tó forí lé London. Nígbà tí ẹjọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ níwájú ilé ẹjọ́ àkànṣe tó ń gbọ́ ẹ̀sùn kíkó owó ìlú jẹ ní Libreville lóṣù Kọkànlá, wọn kò padà wálé. Àwọn míì tó bá wọn ṣiṣẹ́ nígbà ìjọba Bongo náà ń jẹ́jọ́ nínú ẹjọ́ kan náà.

Ta ló ń ṣojú ta nínú ẹjọ́ ọ̀daràn?

Nínú ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí ẹjọ́ gbèsè, ẹni méjì ló máa ń kojú ara wọn. Ẹjọ́ ọ̀daràn kò rí bẹ́ẹ̀. Tí olè bá ja ẹnì kan lólè, ìjọba ló máa pe olè náà lẹ́jọ́, nítorí pé òfin ka ìwà ọ̀daràn sí ohun tó dun gbogbo ìlú.

Ní Gabon, tó jogún ìlànà òfin rẹ̀ lọ́wọ́ ilẹ̀ Faransé, agbẹjọ́rò ìjọba tí wọ́n ń pè ní procureur ló ń ṣojú ìlú. Eddy Minang, agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Libreville, ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ẹjọ́ Bongo yìí.

Ìlànà Faransé yìí tún fàyè sílẹ̀ fún ẹni kẹta. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lè gba lọ́yà tirẹ̀ kó sì béèrè owó gbà-má-bínú nínú ẹjọ́ ọ̀daràn kan náà. Tó bá jẹ́ pé owó ìlú ló sọnù, ìjọba gan-an lè jókòó sí àyè yìí. Ìyẹn ni pé ìjọba lè ní ẹnu méjì nínú ẹjọ́ kan ṣoṣo: ẹnu tó ń béèrè ẹ̀wọ̀n àti ẹnu tó ń béèrè owó.

Ní Nàìjíríà, tó jogún òfin tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹlẹ́rìí lásán ni ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Lọ́yà rẹ̀ lè wá jókòó kó máa wo bí ẹjọ́ ṣe ń lọ, àmọ́ kì í ṣe òun ló máa bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó lè ṣojú ìjọba pàápàá ti dá awuyewuye sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọlọ́pàá tí kò kà nípa òfin fi ń dúró bí agbẹjọ́rò ìjọba ní kóòtù májísíréètì. Òfin ìdájọ́ ìwà ọ̀daràn ọdún 2015, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí ACJA, ló wá sọ pé agbẹjọ́rò nìkan ló gbọ́dọ̀ máa ṣe iṣẹ́ náà ní àwọn ilé ẹjọ́ tí òfin ọ̀hún dé. Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 náà ní ọlọ́pàá tó bá jẹ́ lọ́yà lè pe èèyàn lẹ́jọ́.

Ní ti olùjẹ́jọ́, ohun méjì ni òfin sábà máa ń fún un: kó ro ẹjọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí kó gba agbẹjọ́rò tó wù ú. Bẹ́ẹ̀ ni abala 36 ìwé òfin Nàìjíríà wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ aráàlú àti ẹ̀tọ́ òṣèlú àti ìwé àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sọ. Gabon wà lára àwọn orílẹ̀èdè tó tọwọ́ bọ àdéhùn méjèèjì.

Òfin àtijọ́ tó ní kí lọ́yà panu mọ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ìgbà tí olùjẹ́jọ́ kò bá yọjú.

Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ilẹ̀ Faransé ṣe láyé Napoleon, lọ́dún 1808, ní ìlànà kan tó ń jẹ́ contumace. Tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn ńlá kan èèyàn tó sì sá, wọ́n á dá ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Òfin náà kò sì gbà kí lọ́yà kankan dìde láti gbèjà rẹ̀.

Èrò àwọn tó ṣòfin náà ni pé ẹni tó sá fún ilé ẹjọ́ kò lè máa fi ẹnu ẹlòmíì jàǹfààní ilé ẹjọ́ kan náà. Tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ tàbí tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ìdájọ́ àkọ́kọ́ á di òfo, wọ́n á sì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Dókítà ọmọ Jámánì kan, Dieter Krombach, ló mi ìlànà náà. Lọ́dún 1995, ilé ẹjọ́ kan nílùú Paris ní ó jẹ̀bi lórí ikú Kalinka Bamberski, ọmọ ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì jù ú sí ẹ̀wọ̀n ọdún 15. Krombach wà ní Jámánì. Àwọn lọ́yà rẹ̀ wá sí Paris láti sọ̀rọ̀, àmọ́ ilé ẹjọ́ kò gbà fún wọn.

Lóṣù Kejì ọdún 2001, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù nílùú Strasbourg sọ pé ilẹ̀ Faransé tẹ ẹ̀tọ́ Krombach mọ́lẹ̀. Kókó ìdájọ́ náà ni pé èèyàn kò pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí agbẹjọ́rò nítorí pé kò wá sílé ẹjọ́.

Lọ́dún 2004, ilẹ̀ Faransé fagi lé contumace. Láti ìgbà náà, lọ́yà lè gbèjà ẹni tí kò sí níwájú adájọ́.

Kò túmọ̀ sí pé Krombach mórí bọ́. Lọ́dún 2009, wọ́n jí i gbé láti Jámánì, wọ́n sì já a jù sí ìlú Mulhouse nílẹ̀ Faransé. Wọ́n tún ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́ lójú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn lọ́yà rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 15 náà ni ilé ẹjọ́ sì tún jù sí i lọ́dún 2011. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ti gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Àmọ́ nígbà tí Paris pa òfin yìí tì, ọ̀pọ̀ orílẹ̀èdè Áfíríkà tó jogún ìlànà Faransé ti gba òmìnira tipẹ́. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Faransé kò lè yí òfin tiwọn padà. Ní Senegal, fún àpẹẹrẹ, ẹ̀yìn Ousmane Sonko ni ilé ẹjọ́ ti rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì lóṣù Kẹfà ọdún 2023. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tó di olóòtú ìjọba.

Kí ni àwọn ilé ẹjọ́ míì ń ṣe?

Ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ìdájọ́ Libreville, ilé ẹjọ́ ICC nílùú The Hague fi ọ̀nà míì hàn.

Joseph Kony, olórí ẹgbẹ́ ọlọ́tẹ̀ LRA láti Uganda, ni wọ́n ti ń wá láti ọdún 2005. Nígbà tí ọwọ́ kò tẹ̀ ẹ́, ilé ẹjọ́ náà jókòó lórí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 láìsí i níbẹ̀. Àmọ́ wọ́n yan lọ́yà kan, Peter Haynes, pé kó dúró fún un, ìyẹn sì ta ko ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò olùpẹjọ́. Lọ́jọ́ 6 oṣù Kọkànlá ni àwọn adájọ́ fọwọ́ sí ẹ̀sùn náà. Síbẹ̀, òfin ICC kò gbà kí wọ́n ṣe ìgbẹ́jọ́ gan-an àyàfi tí Kony bá wà níbẹ̀.

Òfin ACJA ní Nàìjíríà náà gbà kí ẹjọ́ tẹ̀síwájú tí ẹni tó gba béèlì bá sá lọ. Adájọ́ lè sọ pé ó jẹ̀bi, àmọ́ iye ọdún tó máa lò lẹ́wọ̀n gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ tàbí tó bá jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

Irú rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀ sí Abdulrasheed Maina, ọ̀gá àgbà tẹ́lẹ̀ fún ìgbìmọ̀ àtúntò owó ìfẹ̀yìntì. Adájọ́ Okon Abang ń bá ẹjọ́ rẹ̀ lọ lẹ́yìn rẹ̀ lóṣù Kọkànlá ọdún 2020 kí wọ́n tó mú un ní Niger. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ lọ́dún 2021.

Ṣé lọ́yà láti ilẹ̀ òkèèrè lè gbẹjọ́ rẹ rò?

Lọ́yà tó ń sọ̀rọ̀ fún Sylvia àti Noureddin nílẹ̀ Faransé ni François Zimeray. Paris ni wọ́n gbé ẹ̀sùn tiwọn lọ, pé wọ́n fìyà jẹ àwọn ní Libreville. Àmọ́ òkìkí lọ́yà ní ìlú kan kò sọ pé adájọ́ ìlú míì gbọ́dọ̀ gbọ́ tirẹ̀. Orílẹ̀èdè kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu ẹni tó lè dìde níwájú adájọ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ Yorùbá mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ̀sùn kan Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ́dún 1962 pé ó fẹ́ dojú ìjọba bolẹ̀, ó fẹ́ kí agbẹjọ́rò kan láti Britain, E.F.N. Gratiaen, wá gbẹjọ́ òun rò. Ìjọba kò jẹ́ kí ọkùnrin náà wọ Nàìjíríà.

Awólọ́wọ̀ gba ilé ẹjọ́ lọ, ó ní ìwé òfin fún òun lẹ́tọ̀ọ́ láti yan agbẹjọ́rò tó wu òun. Adájọ́ Udo Udoma kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní agbẹjọ́rò tí èèyàn bá máa yàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó lè wọ Nàìjíríà láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ lọ́yà, ro ẹjọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1963, Adájọ́ Sodeinde Sowemimo jù ú sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ náà tún jẹyọ lóṣù Keje ọdún 2021 nígbà tí wọ́n mú Sunday Adéyẹmọ, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Sunday Ìgbòho, ní pápákọ̀ òfurufú Cotonou. Yomi Alliyu, lọ́yà rẹ̀ ní Nàìjíríà, ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀, àmọ́ ọmọ orílẹ̀èdè Benin, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ibrahim Salami, ló dúró fún un níwájú adájọ́.

Ẹbí ńkọ́? Ṣé wọ́n lè bá ọ sọ ọ́?

Nílé ẹjọ́ ọ̀daràn, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ìyàwó lè jẹ́rìí, wọ́n lè dúró fún béèlì, wọ́n sì lè san owó lọ́yà. Àmọ́ wọn kò lè gbẹjọ́ rò.

Ẹjọ́ Nnamdi Kanu, olórí ẹgbẹ́ IPOB, jẹ́ kó hàn gbangba. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2025, Kanu sọ fún ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abuja pé òun fẹ́ ro ẹjọ́ òun fúnra òun. Àwọn lọ́yà rẹ̀, tí Kanu Agabi ṣíwájú wọn, sì yẹra. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kọkànlá, Adájọ́ James Omotosho rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, àbúrò rẹ̀ kan wá síwájú adájọ́ yìí pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ lórúkọ rẹ̀. Adájọ́ sọ fún un pé kò lè gbẹnu sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí pé kì í ṣe agbẹjọ́rò.

Ohun tí èyí fi hàn ni pé ẹni tó bá lé lọ́yà rẹ̀ lọ kò ní ẹlòmíì tó lè bá a sọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò bá ti sí níbẹ̀.

Tí kò bá sí owó lọ́yà ńkọ́?

Ìdílé Bongo lówó lọ́yà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jẹ́jọ́ nílẹ̀ Áfíríkà kò ní in.

Alex Thomas, ọmọ Tanzania kan, wà lára wọn. Ẹ̀wọ̀n ọdún 30 ni wọ́n jù sí i lórí ẹ̀sùn ìdigunjalè láìsí lọ́yà kankan lẹ́yìn rẹ̀. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2015, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Áfíríkà nílùú Arusha sọ pé Tanzania jẹ̀bi. Wọ́n ní nínú ẹ̀sùn tó wúwo tó bẹ́ẹ̀, ìjọba ló yẹ kó wá lọ́yà fún un lọ́fẹ̀ẹ́, bí kò tilẹ̀ béèrè.

Ní Nàìjíríà, àjọ Legal Aid Council ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún àwọn tí kò rówó. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní ọ́fíìsì tirẹ̀, OPD. Ní àwọn orílẹ̀èdè tó ń tẹ̀lé ìlànà Faransé, wọ́n lè yan lọ́yà fún olùjẹ́jọ́ tí kò ní.

Fún ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò ní Libreville, ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Èdè Faransé ni ilé ẹjọ́ ibẹ̀ ń sọ. Àdéhùn àgbáyé fún ẹni tí kò bá gbọ́ èdè ilé ẹjọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Tí wọ́n bá mú ọ, sọ ọ́ kíákíá pé o kò gbọ́ èdè náà. Má fọwọ́ sí ìwé tí o kò lè kà. Béèrè fún lọ́yà, kí o sì jẹ́ kí wọ́n kàn sí ọ́fíìsì aṣojú orílẹ̀èdè rẹ.

Kí ni ìdájọ́ Libreville túmọ̀ sí?

Ojú méjì ni àwọn èèyàn lè fi wo ìdájọ́ yìí. Fún ọmọ Gabon tó wo bí ìdílé kan ṣe ṣàkóso orílẹ̀èdè elépo rọ̀bì rẹ̀ fún ìran méjì, kò dáa kí ẹni tí wọ́n ní ó kówó ìlú jẹ fi ọkọ̀ òfurufú sá mọ́ ẹjọ́ lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ pé àìyọjú ti tó láti dá ẹjọ́ dúró, olówó kankan kò ní jẹ́jọ́ láé.

Ṣùgbọ́n ìlànà tí àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Áfíríkà gbé kalẹ̀ lọ́dún 2003 sọ pé ó yẹ kí olùjẹ́jọ́ wà níbi ìgbẹ́jọ́ rẹ̀. Ó tún ní ẹni tí wọ́n bá dá ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lè béèrè pé kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́.

Ìdájọ́ tó wáyé láìsí olùjẹ́jọ́ sì máa ń ní ìṣòro míì. Kí Gabon tó rí àwọn méjèèjì gbà padà, ìjọba ibòmíì ló máa fà wọ́n kalẹ̀. Ní Britain, tí wọ́n bá ní kí wọ́n fa èèyàn lé orílẹ̀èdè míì lọ́wọ́ nítorí ìdájọ́ tó wáyé lẹ́yìn rẹ̀, ilé ẹjọ́ ibẹ̀ máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òun fúnra rẹ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ sá. Tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á béèrè bóyá ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìgbẹ́jọ́ tuntun.

Bí ẹnu olùjẹ́jọ́ ṣe dé inú ìwé ìdájọ́ tó, yálà ẹnu tirẹ̀ tàbí ti lọ́yà rẹ̀, ni yóò ṣe ṣòro tó fún ẹlòmíì láti sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni adájọ́.